Kí ló ń jẹ́ iṣẹ́ tó nítumọ̀, ta ló sì ń fún un ní ìtumọ̀?

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo wọṣẹ́ ọba, ẹ̀ka ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ni wọ́n gbé mi sí. Iṣẹ́ mi ni láti gba iye àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lóṣooṣù láti àwọn ibùdó ìlera wa, kí n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù gbọọrọ kan ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí n fi okùn di àwọn ẹ̀dà náà, kí n sì kó wọn lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Mo ṣe é tọkàntọkàn, kódà mo máa ń fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àpapọ̀ iye kí ó lè hàn ketekete. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n rán mi lọ wá fáìlì kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá náà, mo sì bá gbogbo ìdì tí mo ti ń dì láti oṣù àkọ́kọ́ níbẹ̀, eruku bò wọ́n, kókó tí èmi fúnra mi ta sì wà lára okùn wọn bí mo ṣe ta á gẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó tú ẹyọ kan wò. Owó oṣù mi kò dín lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì bú mi, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Rúlà ni mo kọ́kọ́ pa tì. Lẹ́yìn náà ni n kò yẹ nọ́ńbà wò lẹ́ẹ̀kejì mọ́.

Ohun tó ṣe mí yìí ni àwọn onímọ̀ nípa ìṣàkóso iṣẹ́ ti ń wádìí láti ọdún pípẹ́, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá sì ń náwó lé lórí báyìí nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lóríṣiríṣi. Àwọn kan ń pè é ní ète, àwọn kan ń pè é ní ìtumọ̀, àwọn mìíràn ń pè é ní ìpè, ọ̀rọ̀ náà sì ti lọ́jú pọ̀ débi pé òṣìṣẹ́ tó bá jókòó síbi irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dìde láìmọ ohun tí wọ́n ní kí òun lọ ṣe. Kò sì rú òṣìṣẹ́ nìkan lójú. Mo ti rí ọ̀gá tó gbà pé òun ti fún àwọn ọmọ abẹ́ òun ní ète nítorí pé òun ti kọ ọ́ sí férémù, tí òun sì gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé.

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn. Èkíní ni ète ilé-iṣẹ́, ìyẹn ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ yàtọ̀ sí owó tó ń pa: wọ́n dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ kí ara aláìsàn lè yá, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ omi sílẹ̀ kí omi lè dé ilé àwọn ará ìlú. Èkejì ni ìtumọ̀ iṣẹ́, èyí tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ lápapọ̀, bí kò ṣe ti ẹni kan tó jókòó sídìí iṣẹ́ kan: ǹjẹ́ òun fúnra rẹ̀ rí i pé ohun tí òun ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ń dé ibì kan, àti pé bí òun kò bá ṣe é, ẹnì kan níbì kan yóò mọ̀ pé kò ṣe é? Ẹ̀kẹta ni kóríyá, bí àpò ìrẹsì ọdún Kérésì, àjẹmọ́nú, fáàjì ìparí ọdún, àti àwàdà tí ọ̀gá ń bá àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ dá. Kóríyá dára, èmi náà kò kọ ìrẹsì rí. Ṣùgbọ́n ète ilé-iṣẹ́ lè ga bí òkè kí iṣẹ́ akọ̀wé tó wà nínú rẹ̀ sì ṣófo pátápátá, gẹ́gẹ́ bí tèmi ti rí. Ènìyàn sì lè máa rẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì látàárọ̀ dalẹ́ láìṣe ohun kan tó nítumọ̀, nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹni tó ń kú lọ kò rẹ́rìn-ín rárá, tí kò sì sí ẹni tó tó sọ fún un pé iṣẹ́ òfo ló ń ṣe. Ìtumọ̀ iṣẹ́, èyí èkejì, ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí òun ni wọ́n máa ń fò kọjá.

Ní 1997, Amy Wrzesniewski, onímọ̀ nípa ìhùwàsí àwọn òṣìṣẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tó tú díẹ̀ nínú ìdàrúdàpọ̀ náà. Wọ́n ní ojú mẹ́ta ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wo iṣẹ́ wọn. Ẹnì kan ń wò ó bí iṣẹ́ oòjọ́, ohun tí òun ń ṣe kí ẹnu lè jẹ. Ẹnì kejì ń wò ó bí àkàbà, ojú rẹ̀ sì wà lára ipò tó kàn. Ẹnì kẹta ń wò ó bí iṣẹ́ tí òun yàn láàyò, tí yóò wù ú láti máa ṣe bí owó rẹ̀ kò tilẹ̀ tó nǹkan. Ibi tó gba àfiyèsí mi jù nínú ìwádìí náà kò ju apá kékeré kan lọ: nínú àwọn tí wọ́n wádìí lọ́wọ́ wọn ni àwọn akọ̀wé 24 wà, irú iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, síbẹ̀ wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. A jẹ́ pé orúkọ tí iṣẹ́ ń jẹ́ kọ́ ló ń pinnu ojú tí ẹni tó ń ṣe é fi ń wò ó. Èrò tí ọ̀pọ̀ wa ní, pé iṣẹ́ dókítà àti ti olùṣọ́ àgùntàn lè nítumọ̀ ṣùgbọ́n ti agbálẹ̀ kò lè ní, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ agbálẹ̀ yìí gan-an ni Wrzesniewski àti Jane Dutton gbé yẹ̀ wò nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001. Wọ́n bá àwọn agbálẹ̀ ilé ìwòsàn kan sọ̀rọ̀, àwọn tó ń nu ilẹ̀, tó ń da ìdọ̀tí nù, tó sì ń fọ ilé ìyàgbẹ́. Apá kan nínú wọn sọ pé ìmọ́tótó lásán ni iṣẹ́ náà, pé kò gba ọgbọ́n kankan, wọn kì í sì í bá aláìsàn tàbí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ bí kò bá di dandan. Apá kejì, tí ohun tí wọ́n gbà wọ́n fún kò yàtọ̀ sí ti àwọn àkọ́kọ́, ka ara wọn kún àwọn tó ń wo aláìsàn sàn. Wọ́n ń fojú sí ìgbà tí ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì dí kí wọ́n má baà dí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń ya ọ̀dọ̀ aláìsàn bá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn agbálẹ̀ tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò sọ nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti pẹ́ nínú àìmọra, tí bàbá rẹ̀ sì ń wá jókòó tì í. Agbálẹ̀ náà nu yàrá náà nígbà tí bàbá jáde lọ fa sìgá. Nígbà tí bàbá wọlé, ó fi ìbínú sọ pé wọn kò nu yàrá ọmọ òun. Agbálẹ̀ náà ì bá dá a lóhùn pé òun ti nù ún, òótọ́ ni ì bá sì sọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbé ohun èlò rẹ̀, ó sì tún yàrá náà nù lẹ́ẹ̀kejì kí bàbá náà lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ti yé e pé kì í ṣe ilẹ̀ ló ń dun bàbá yẹn. Kò sí ìwé iṣẹ́ kankan ní ilé ìwòsàn kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí agbálẹ̀ nu yàrá mímọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí owó kankan fún un.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ méjèèjì fún irú ìwà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ títún iṣẹ́ gbẹ́, bí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe ń gbẹ́ igi tí wọ́n gbé fún un. Òṣìṣẹ́ lè fi díẹ̀ kún ohun tó ń ṣe tàbí kí ó yọ díẹ̀ kúrò, ó lè yí bí ó ṣe ń bá àwọn ènìyàn lò níbi iṣẹ́ padà, ó sì lè yí èrò rẹ̀ nípa ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ padà. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ṣì í lò: wọ́n a ní bí iṣẹ́ bá ti sú ọ, ìwọ ni kí o lọ yí ojú ìwòye rẹ padà. Wọ́n gbàgbé pé igi tó ti jẹrà kò ṣe é gbẹ́.

Ó rọrùn láti pa ìtumọ̀ iṣẹ́ ju láti dá a sílẹ̀ lọ. Ní 2008, Dan Ariely, Emir Kamenica àti Drazen Prelec tẹ ìdánwò kan jáde tí wọ́n fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ṣe. Wọ́n ní kí wọ́n máa to ohun ìṣeré Lego kan tí wọ́n ń pè ní Bionicle, wọ́n sì ń sanwó fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan: dọ́là 2 fún èyí àkọ́kọ́, kí sẹ́ǹtì 11 máa dín nínú owó ẹyọ tó bá tẹ̀ lé e, títí ẹni náà yóò fi sọ pé ó tó. Fún apá kan, wọ́n ń kó èyí tí wọ́n bá tò tán sórí tábìlì níwájú wọn. Fún apá kejì, bí ẹni náà bá ṣe ń to òmíràn lọ́wọ́, ẹni tó ń ṣàkóso ìdánwò náà yóò máa tú èyí tó ti tò tán palẹ̀ níṣojú rẹ̀, kí ó lè tún kó o fún un láti tò. Owó kan náà ni, ohun ìṣeré kan náà ni. Apá àkọ́kọ́ to 10.6 ní ìpíndọ́gba, apá kejì to 7.2. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó lè rò pé ohun ìṣeré ọmọdé yóò tún ayé ṣe, nítorí náà kì í ṣe ète ńlá ni wọ́n pàdánù. Ohun tó lé wọn nídìí iṣẹ́ ni pé wọ́n ń wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn tó ń di asán. Ìdì tí mo bá nínú kọ́bọ́ọ̀dù kò yàtọ̀ sí i, àfi pé wọ́n tilẹ̀ ní ìtẹríba níbẹ̀, wọn kò tú tèmi lójú mi.

Kí wá ni ó ń mú kí iṣẹ́ kan ní ìtumọ̀ kí òṣìṣẹ́ tó fi ọwọ́ kàn án rárá? Àwọn olùwádìí méjì, Richard Hackman àti Greg Oldham, dáhùn ìbéèrè yìí ní 1976 pẹ̀lú ohun márùn-ún, mo sì rí i pé ahunṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn ló máa ń jẹ́ kí ó yé ènìyàn kíákíá. Ẹ wò ó: iṣẹ́ rẹ̀ gba ju ọgbọ́n kan lọ, nítorí ó ní láti mọ òwú, kí ó mọ bí àwọ̀ ṣe ń bá ara wọn mu, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jọ máa ṣiṣẹ́ lórí òfì. Ó rí iṣẹ́ náà láti orí òwú títí ó fi di aṣọ. Ó mọ̀ pé ìyàwó kan ló fẹ́ fi í ṣe ìgbéyàwó, ó sì lè jẹ́ pé ìyá ìyàwó náà ti wá jókòó tì í lẹ́ẹ̀mejì láti bi í pé ibo ló ń bá a dé. Bí yóò bá bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí tàbí ní ìyálẹ̀ta, òun ló mọ̀. Bí ó bá sì ṣi ọnà hun, kò dìgbà tí alábòójútó bá kọ ìwé sí i kí ó tó mọ̀, ojú rẹ̀ ni ojú aṣọ náà yóò ti wọ́. Oríṣiríṣi ọgbọ́n, rírí iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mímọ ẹni tó wà fún, òmìnira, àti mímọ bí ó ṣe rí: márùn-ún náà nìyẹn. Hackman àti Oldham ní mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń fún iṣẹ́ ní ìtumọ̀, òmìnira ló ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ gbà pé ọrùn òun ló wà, èyí tó kẹ́yìn ló sì ń jẹ́ kí ó mọ̀ bóyá ó yege. (N kò sọ pé ìgbádùn ni iṣẹ́ òfì o. Ẹ̀yìn a máa ro wọ́n, owó rẹ̀ kì í sì í wọlé lásìkò.) Ẹ wá fi akọ̀wé tó jẹ́ pé òǹtẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀ sára ìwé tí kò mọ ibi tó ti wá, tí kò sì mọ ibi tó ń lọ, wé e, ẹ ó rí i pé kò sí ìkan nínú márùn-ún tó kù sí i lọ́wọ́.

Kì í ṣe ìmọ̀ tuntun sí wa. Nínú àáró, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ a jọ kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, wọn a lọ sóko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó ni iṣẹ́ ni yóò ké sí àwọn ènìyàn, bí àna tó fẹ́ ro oko bàbá ìyàwó rẹ̀ tàbí ẹni tó fẹ́ kọ́lé, oúnjẹ àti ẹmu ni yóò sì fi ṣe wọ́n lálejò. Kò sí owó oṣù nínú àwọn méjèèjì. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó wà nínú oko náà tí kò mọ oko ẹni tó jẹ́, tí kò rí ilẹ̀ tó ti ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn òun nígbà tí oòrùn bá yí, ebè rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹlòmíràn níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Kò sẹ́ni tó ní láti dúró ka ète àáró sí wọn létí kí wọ́n tó gbé ọkọ́.

Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé àwa tí a jogún àáró náà la tún ń sọ pé a kì í làágùn sídìí iṣẹ́ ìjọba? Ọkùnrin tó ń sọ ọ́ lè jẹ́ akápò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú rẹ̀, tó ń wọkọ̀ lọ sípàdé lọ́jọ́ Sátidé, tó ń kọ gbogbo kọ́bọ̀ tó wọlé sínú ìwé, tí yóò sì kú ikú ìtìjú bí wọ́n bá ní náírà kan dín. Ní ọjọ́ Ajé, ọkùnrin yìí kan náà yóò dé ọ́fíìsì ní aago mẹ́wàá, yóò fi kóòtù kọ́ ẹ̀yìn àga kí wọ́n lè rò pé kò jìnnà, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Peter Ekeh, ọmọ Urhobo tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣàlàyé rẹ̀ nínú àròkọ kan ní 1975 lọ́nà tí n kò tíì rí ẹni tó ṣe é jù ú lọ. Ó ní láti ìgbà tí àwọn amúnisìn ti dé, inú àwùjọ méjì ni wa. Ọ̀kan ni ti ìlú, ẹbí àti ẹ̀yà, níbi tí ìwà rere ti ń de ènìyàn lọ́wọ́; èkejì ni ti ìjọba, tí àwọn amúnisìn gbé kalẹ̀, tí okùn ìwà rere yẹn kò sì dé. Nínú ti àkọ́kọ́, ojúṣe ni ènìyàn ń wò. Nínú èkejì, ohun tí òun lè rí mú jáde ló ń wò. Nítorí náà, kì í ṣe pé ọkùnrin oníkóòtù yìí ya ọ̀lẹ. Ẹnì kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, àmọ́ ní ibì kan ó mọ ẹni tí òun ń ṣe é fún, ní ibì kejì kò mọ̀.

Èmi kò fi àlàyé Ekeh dá ẹnikẹ́ni láre, nítorí ará ìlú tó wá gba ìwé tó sì bá àga òfìfo kò mọ ohun tó ń jẹ́ àwùjọ méjì. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó yé mi pé ìwàásù kò lè tún un ṣe. Bí ìjọba bá ń pariwo láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ pé iṣẹ́ ìlú ni iṣẹ́ gbogbo wa, bí òṣìṣẹ́ kò bá ti rí ìlú nínú fáìlì tó wà níwájú rẹ̀, ariwo lásán ni.

Adam Grant, onímọ̀ nípa ìhùwàsí níbi iṣẹ́, fi ìdánwò hàn bí rírí ṣe ju gbígbọ́ lọ, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 2007. Àwọn tó lò ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi tẹlifóònù tọrọ owó fún yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà lọ́wọ́ àwọn tó ti jáde níbẹ̀. Iṣẹ́ tó ń tánni ní sùúrù ni: wọ́n a pe nọ́ńbà, ẹni tí wọ́n pè a ní òun kò ráyè, a sì pa fóònù mọ́ wọn létí. Nínú owó tí wọ́n ń tọrọ ni wọ́n ti ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́ láti kàwé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọrọ rẹ̀ kì í rí ẹni tó ń jẹ ẹ́. Grant ṣètò kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gba ìrànwọ́ náà wá bá apá kan nínú wọn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Lẹ́yìn oṣù kan, àkókò tí àwọn wọ̀nyí ń lò lórí fóònù ti fi ìdá 142 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó tí wọ́n ń rí gbà sì ti fi ìdá 171 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tí kò rí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò yí padà. Wọn kò fi kọ́bọ̀ kún owó ẹnikẹ́ni, ọ̀gá kò sì sọ̀rọ̀ ìyànjú. Ojú rí ojú ni.

Kì í ṣe àṣìṣe pé ọ̀gá kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Catherine Bailey àti Adrian Madden, àwọn olùwádìí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ènìyàn 135 láti inú oríṣi iṣẹ́ mẹ́wàá jáde ní 2016, láti orí àlùfáà, agbẹjọ́rò àti nọ́ọ̀sì títí dé orí àwọn tó ń kó ìdọ̀tí. Wọ́n béèrè ìgbà tí iṣẹ́ wọn nítumọ̀ sí wọn àti ìgbà tí kò ní. Nínú ìtàn ìgbà tó nítumọ̀, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi dárúkọ ọ̀gá. Nínú ìtàn ìgbà tí kò nítumọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ló gba iwájú: ọ̀gá tó fi iṣẹ́ òfo ránni, tó ṣe ojúsàájú, tó gba ìpinnu mọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ lọ́wọ́, tí kò sì mọ rírì ẹni. Àwọn akódọ̀tí sọ pé ìgbà tí iṣẹ́ àwọn ń dùn mọ́ àwọn ni ìparí ọjọ́, nígbà tí àwọn bá rí ohun tí àwọn kó tó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di ohun tuntun. Àwọn agbẹ́kùúta tó ń tún ilé ìjọsìn àtijọ́ ṣe sọ pé àwọn a máa fín àmì ara àwọn sẹ́yìn òkúta kí wọ́n tó tò ó mọ́ ògiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó tún rí ẹ̀yìn òkúta náà. Mo ti ro ọ̀rọ̀ àmì yìí títí. Kì í ṣe ọ̀gá ló ní kí wọ́n fín in, kò sì sí oníbàárà tí yóò rí i, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá ní kí wọ́n yé fín in, kí iṣẹ́ lè yá, yóò ti ba ohun kan jẹ́ tí owó kò lè tún ṣe.

Ibì kan ṣì kù tí àwọn tó ń polówó ète fún ilé-iṣẹ́ máa ń fi ọgbọ́n yẹra fún, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ owó. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n jẹ ní owó oṣù mẹ́rin kò ní etí fún ìtumọ̀ iṣẹ́, ẹ̀gbin ni ó sì jẹ́ láti bá a sọ ọ́. Ewu kejì tilẹ̀ le jù: iṣẹ́ tó bá nítumọ̀ jù lè di okùn tí wọ́n fi ń so ẹni tó ń ṣe é mọ́lẹ̀. Stuart Bunderson àti Jeffery Thompson rí èyí lára àwọn tó ń tọ́jú ẹranko ní àwọn ọgbà ẹranko Amẹ́ríkà àti Kánádà, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009. Ọ̀pọ̀ wọn kàwé jáde ní yunifásítì, owó wọn kéré, ìgbẹ́ ẹranko ni wọ́n sì ń gbá, àmọ́ wọ́n gbà pé iṣẹ́ tí a dá àwọn fún ni. Bí ìgbàgbọ́ yìí bá ṣe lágbára tó lọ́kàn ẹnì kan ni yóò ṣe fi owó, àkókò àti ìtura ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ náà tó, ni yóò sì ṣe máa fura sí àwọn aláṣẹ ọgbà tó. Ta ní Nàìjíríà ni kò mọ ìtàn yìí? Gbólóhùn tí wọ́n ti ń fi tu àwọn tíṣà nínú láti ìgbà ọmọdé wa, pé ọ̀run ni èrè wọn wà, òun kan náà ni. Ìtumọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́ ti olùkọ́, kì í ṣe owó tí ìjọba lè yọ lára owó oṣù rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀gá kan bá bi mí pé kí ni kí òun ṣe gan-an, n kò ní sọ pé kí ó kọ ète tuntun. Ohun tí mo máa ní kí ó kọ́kọ́ ṣe ni kí ó mú fọ́ọ̀mù, ìjábọ̀ àti ìpàdé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó béèrè pé ta ló ń lo èyí, kí ó sì pa èyí tí kò ní olóhun rẹ́, nítorí iṣẹ́ òfo kan ṣoṣo a máa kó èérí bá mẹ́wàá tó dára. Lẹ́yìn náà, kí ó mú àwọn tó wà lẹ́yìn ilé, akọ̀wé, awakọ̀, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, dé ibi tí iṣẹ́ wọn ń já sí, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún pẹ̀lú ayàwòrán. Kí ó fi ìpinnu díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó mọ iṣẹ́, kí ó sì jẹ́ kí àbájáde rẹ̀ máa padà dé etí ẹni náà. Èyí tó kù, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn yóò gbẹ́ ẹ.

Ní ọdún kejì mi, wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá sí ẹ̀ka wa, obìnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó gbé fọ́ọ̀mù mi sókè, ó ní, “Ta ló ń ka èyí?” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ní kí n yé kọ ẹ̀dà mẹ́ta, pé ọ̀kan tó, pé ìwọ̀n abẹ́rẹ́ tí ibùdó kọ̀ọ̀kan yóò máa gbà láti oṣù tó ń bọ̀, nọ́ńbà tí mo bá kọ ni òun yóò fi pín in. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n bá wọn wọ ọkọ̀ lọ sí ibùdó ìlera abúlé kan ní ọjọ́ abẹ́rẹ́. Àwọn ìyá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọmọ 31 ni wọ́n gbé wá. Nọ́ọ̀sì ṣí kúlà, ó kà á, ó tún un kà, ìwọ̀n ọmọ 13 péré ló wà níbẹ̀. Ó wo ìwé, ó bi wá pé ta ló kọ 13.

“Èmi ni, mà.”

Ọ̀gá mi wò mí, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tán, ìyá tó di ìkẹrìnlá dìde, ó fún ọ̀já rẹ̀ mọ́ ọmọ lẹ́yìn, ó sì na káàdì sí mi pé kí n bá òun kọ ọjọ́ tí òun yóò padà wá. Mo kọ ọ́, mo sì kà á síta lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dá a padà fún un.